Báwo ni àrùn ọ̀nà ọ̀fun ṣe ń yí ohùn ènìyàn padà?

Èémí láti inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń mú kí tán-án-ná, iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ méjì inú gògóńgò, gbọ̀n rìrì kí ohùn tó jáde.

Bí kòkòrò àrùn òtútù bá mú tán-án-ná wú, yóò wúwo, kò sì ní lè pàdé dáadáa mọ́. Ìdí nìyí tí ohùn fi ń há, tàbí tó ń pòórá pátápátá. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2, bí aláìsàn bá sinmi ọ̀rọ̀ sísọ, tó sì ń mu omi. Sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kì í ṣe ìsinmi.

Bí ọyún bá gbá jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́lúbẹ́lú, aláìsàn a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Àrùn diphtheria, tó bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2022, tó sì ṣọṣẹ́ jù ní ìpínlẹ̀ Kano, léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Awọ kan tó ní àwọ̀ eérú máa ń bo ọ̀fun, ohùn á há, ọrùn lè wú, èémí sì lè dí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àwọn ọmọ ọwọ́ ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ló ń dènà rẹ̀.

Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mímí bá nira, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé aláìsàn lọ lójú ẹsẹ̀.