Ìran Kòkó àti Ọ̀nà Irúgbìn ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Igi kòkó pọ̀ lóko láti Ìkógòsì dé Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò, ṣùgbọ́n ìran tí wọ́n ti ṣẹ̀ kò pọ̀. Èrò mi ni pé ọ̀nà tí irúgbìn ń gbà dé ọwọ́ àgbẹ̀ ló fà á ju àìsí irúgbìn tuntun lọ.

Àmẹ́lónádò ni kòkó tí àwọn baba wa kọ́kọ́ gbìn. Láti Brazil ló ti dé erékùṣù Príncipe ní 1822; ó gba Fernando Po kó tó wọ Nàìjíríà ní 1874. Ìwọ̀nba èso ló rin ìrìn-àjò náà, bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́búlẹ́bú òdòdó igi náà fúnra rẹ̀ tó o láti so. Ọmọ wá ń jọ ìyá, ọmọ-ọmọ ń jọ ìyá àgbà. Oníṣòwò fẹ́ràn ìbáramu yìí. Àrùn pẹ̀lú fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú jà láwọn ọdún 1940, gígé ni ìjọba ń gé igi.

Ṣáájú ìgbà náà, onímọ̀ nípa ọ̀gbìn, F. J. Pound, ti lọ sí òkè odò Amazon ní 1937 sí 1938 láti wá igi tó lè kojú àrùn kòkó mìíràn. Ọmọ àwọn igi náà dé Tafo, ní Gánà òde òní, ní 1944, ibẹ̀ ni wọ́n gbà dé Ìbàdàn. Àwọn àgbẹ̀ ń pe irú wọn ní kòkó àgíríìkì. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba lẹ́búlẹ́bú ara wọn, àfi ti igi mìíràn. Nítorí náà, oko àtijọ́ kan ní Àrámọ̀kọ tí irú méjèèjì dà pọ̀ sí lè ní àdàlù tí ilé ìwádìí kankan kò gbèrò. Àwọn kan á pè é ní jágbajàgba. Ọrọ̀ ni mo pè é.

Ilé ìwádìí kòkó Nàìjíríà (CRIN), tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn láti 1964, ti gbé irú kòkó tuntun, TC1 dé TC8, jáde. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà, aládùúgbò sì wà nítòsí. Àgbẹ̀ á já èso lára igi kan tó ń so jù, á fi kún oko. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ lè máà gba lẹ́búlẹ́bú ara wọn, kí òdòdó máa já dànù láìso.

Ó yẹ kí oko irúgbìn tó ní òbí oríṣiríṣi wà ní Ìjerò tàbí Àrámọ̀kọ. Kí wọ́n tó gé igi àgbà tí àrùn kò rí gbé ṣe, kí wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀ so mọ́ ọ̀dọ́ igi. Àrùn wíwú lè bá ẹ̀ka rìn lóòótọ́, nítorí náà, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé oko ẹnikẹ́ni.