Ọ̀bẹ Tó Wà Nílé Gbogbo

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi ewì sílẹ̀ díẹ̀ ká sọ̀rọ̀ irinṣẹ́ kan. Vi lorúkọ ẹ̀, lẹ́tà méjì péré. Òun ni àwọn tó ń bójú tó server fi ń ṣí fáìlì, tí wọ́n fi ń tún ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kọ.

Ed ló ṣáájú ẹ̀, èyí tí Ken Thompson kọ fún Unix ní 1969. Ed kì í fi ojú ìwé hàn; ìlà tó o bá bèèrè nìkan lo máa rí. Ní 1976, Bill Joy, akẹ́kọ̀ọ́ ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó di vi, ojú ìwé sì hàn. Ìlà tẹlifóònù tó ń lò nílé ń wọ́ bí ìgbín, bíi lẹ́tà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí àṣẹ vi fi kúrú: x pa lẹ́tà kan rẹ́, dd pa odidi ìlà rẹ́. Ní 1992, wọ́n kọ vi sínú ìlànà POSIX, ó sì di ohun tá a lè bá lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀rọ Unix.

Àǹfààní wo ló wà níbẹ̀? Ká ní server kan dákú lóru. London ló wà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni alábòójútó ẹ̀ wà. Kò sí máòsì, kò sí àwòrán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, iná sì lè lọ nígbàkigbà. Àmì kan ṣoṣo tó ṣì wà nínú fáìlì ló fa gbogbo wàhálà. Ṣé ìgbà yẹn lèèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá irinṣẹ́ tó wù ú? Èyí tó bá nílẹ̀ ló máa lò. Láti 2000 ni AfNOG ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà níṣẹ́ yìí. Wọ́n dé Lomé ní 2002, wọ́n dé Àbújá ní 2007.

Àwa tá à ń kọ́ Yorùbá mọ ọ̀ràn yìí dáadáa. Ní 1875, ìjọ CMS ṣèpàdé l'Ékòó lórí àkọtọ́. Àbùkù ò tán lára ẹ̀, àmọ́ ohun tí ọmọ Ìjẹ̀bú bá kọ, ọmọ Ọ̀yọ́ á kà á. Ẹ wá wo Under G: èèyàn á tẹ project ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan, á ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù kejì, gbogbo àmì ohùn á ti di àpótí! Ibi tí ìlànà kan ò bá ti sí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Nano rọrùn ju vi lọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ lo ti máa bá nano. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ server, ẹ kọ́ mẹ́ta yìí ná: i láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, Esc láti dáwọ́ dúró, :wq láti fi í pa mọ́ kẹ́ ẹ sì jáde. Ìyókù á máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.