Ọjà Aṣọ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn Ìjọ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kò gbọdọ̀ gbójú fo ọjà. Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú ká tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ sì ni olórí wọn. Nígbà tí Àlùfáà Townsend àti Crowther dé ní 1846, wọ́n bá àwọn obìnrin ní ọjà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń wàásù, nítorí ibẹ̀ ni èrò gbé pọ̀ sí.

Ní àwọn ọdún 1850, Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, àti àwọn ará C.M.S. fi ẹ̀rọ tí a fi ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, kí òwò òwú lè rọ́pò òwò ẹrú. Òwú lọ sí Manchester. Aṣọ funfun sì ti òkè òkun wá. Àwọn obìnrin aláró sọ aṣọ àlejò náà di ti wa: wọ́n fi ìko dì í, wọ́n fi ẹ̀kọ kọ ọnà sí i, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró ẹ̀lú, ó di àdìrẹ. Lẹ́yìn tí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1901, ìsọ̀ aláṣọ pọ̀ ní Ìtòkú. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1920, àwọn oníṣòwò láti Gold Coast àti Senegal ń wá rà á.

Nígbà náà ni ìdánwò dé. Sódà kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó yára ju ẹ̀lú àti omi eérú lọ, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kùn pé aṣọ náà kì í pẹ́ gbó. Aláké Ademola Kejì ka ìlò wọn léèwọ̀. Ọ̀pọ̀ aláró kò gbà, nítorí ọjà ti kú, oúnjẹ òòjọ́ wọn sì wà nínú ìkòkò aró. Ọ̀ràn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi yan ìgbìmọ̀ ìwádìí ní 1936.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kánkán. Ebi a máa ti ènìyàn sí ọ̀nà àbùjá. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ rere ọjà sì ṣòro láti tún rà. Lídíà ará Tíátírà, tí ń ta aṣọ elésè àlùkò, ni ó kọ́kọ́ gba Pọ́ọ̀lù sí ilé ní Fílípì: òwò kò dí i lọ́wọ́ ìgbàgbọ́. Títí di òní, a ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Kí gbogbo aláṣọ àárín wa mọ̀ pé Ẹni tí yóò bèèrè àdúrà wa ni yóò bèèrè ọ̀pá tí a fi wọn aṣọ. Kí Ó bùkún ìsọ̀ wa àti Ìjọ wa. Àmín.