Ṣé òótọ́ ni pé "power saver" tí wọ́n ń tì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ń dín owó iná kù?

Àhesọ: Ohun èlò kékeré kan tí ẹ bá tì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò dín owó iná yín kù sí ìdajì.

Àbájáde: Irọ́ ni, tó bá jẹ́ ti ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí rẹ̀, àmọ́ iléeṣẹ́ ńlá ló kàn.

Ká ní ẹ ń ta omi tútù ní Ọjà Àárín-gbùngbùn Tamale, ní àríwá Ghana. Owó iná tí ẹ ń san fún NEDCo ń jẹ èrè yín. Ẹ wá rí fídíò kan lórí WhatsApp: ọlọ́jà tan ẹ̀rọ kan, ó fi òṣùwọ̀n iná há wáyà rẹ̀, ó ti "power saver" bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà sì já wálẹ̀. Ó lè má parọ́ o. Kọ́rẹ́ǹtì lè dín kù lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe kọ́rẹ́ǹtì ni mítà yín ń kà.

Ẹ̀rọ tí iná ń yí, bíi fìríìjì tàbí ẹ̀rọ ìlọta, ń fa iná tó fi ń ṣiṣẹ́, ó sì tún ń fa òmíràn tó kàn ń lọ tó ń bọ̀ lórí wáyà. Kàpásítọ̀ inú "power saver" lè pèsè èkejì yìí nítòsí. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe bébà, irú èyí tí wọ́n kọ́ sí Jẹ́bà àti Ìwópin, máa ń lo ẹ̀rọ ràgàjì-ràgàjì láti fa omi àti láti yí bébà. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè, irú wọn ń sanwó lórí iná alọ-bọ̀ yẹn pẹ̀lú, nítorí náà kàpásítọ̀ ńlá ń mówó wálé fún wọn.

Yúnìtì, ìyẹn kilowatt-hour, ni tiyín. Bí fìríìjì bá lo wáàtì 150 fún wákàtí 8, yúnìtì 1.2 ni, ẹ ti nǹkan náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì o, ẹ ò tì í bọ̀ ọ́ o. Kódà, iná tíntìn-tín tó ń tàn lára rẹ̀ ń jẹ yúnìtì tiẹ̀! NIST, àjọ òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà, ṣe irú àlàyé yìí lọ́dún 2009.

Gílóòbù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lọ́dún 2007, ìjọba Ghana pín gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀, mílíọ̀nù 6, láti fi rọ́pò ti àtijọ́. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 tó ń tàn fún wákàtí 10 lójúmọ́ ń jẹ yúnìtì 18 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. LED oníwáàtì 9 ń jẹ 2.7. Tí ẹ bá fẹ́ ra fìríìjì, ẹ ka ìràwọ̀ ara lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń ṣọ́ iná lò tó.

Tí ẹ bá ti ra "power saver" ná, ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù, kí ẹ tan fáànù kan fún wákàtí 10 láìsí i, kí ẹ tún tàn án fún wákàtí 10 pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi yúnìtì méjèèjì wéra kí ẹ tó fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.