Ibi tí Ọkọ̀ Òfuurufú Àtijọ́ Ṣì Ti Ń Fò
Ọdún 2003 tí Nigeria Airways kógbá sílé ni Microsoft gbé Flight Simulator 2004 jáde, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú láìfi ilẹ̀ sílẹ̀. FSX, ẹ̀dà ètò yìí ti ọdún 2006, ṣì gba púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àfikún àtijọ́, bíi DC-10 aláwọ̀ ewé àti funfun ti Nigeria Airways. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kẹrin Prepar3D, ètò mìíràn irú rẹ̀, tí ó bọ́ sí bíìtì 64 ní ọdún 2017, kò lè ka fáìlì bíìtì 32 tó ń darí àwọn aago ojú pátákó wọn, abẹ́rẹ́ tó yẹ kó fi gíga hàn kò sì ní mì rárá. Flight Simulator ti ọdún 2020 fi àwòrán sátẹ́láìtì ya àwọn òkè Adó-Èkìtì dáradára, síbẹ̀ FSX ló yẹ olùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́.