Òkúta Funfun Tó Tú Ilé Ká ní Washington

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1989, Ààrẹ George Bush àgbà jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó na àpò ọ̀rá kékeré kan sókè, ó ní ọgbà Lafayette tó kọjú sí ilé òun gan-an ni wọ́n ti ra ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ba tọmọdé tàgbà. Àṣé ọ̀rọ̀ ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀. Àwọn agbófinró ló fọgbọ́n tan ọmọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan wá síbẹ̀, kí Ààrẹ lè rí nǹkan fi hàn. Ọmọ náà kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ilé Ààrẹ, bẹ́ẹ̀ ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé! Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni wọ́n dá fún un.

Kí ló wà nínú àpò náà? Kíráàkì ni. Kokéènì ẹlẹ́tù jẹ́ ohun olówó, ṣùgbọ́n nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1985, àwọn oníṣòwò ti ń sè é di òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fi ìkòkò tábà fà. Bó bá ń jó, a máa ta pàrà-pàrà, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Dọ́là 5 tàbí 10 ti tó olúwarẹ̀ í rà. Adùn rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, lẹ́yìn náà ọkàn a tún máa fà á.

Nígbà náà, nínú ènìyàn 10 ní Washington, bí 7 ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú, iṣẹ́ sì wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọn. Ọmọ tí kò ríṣẹ́ rí kíráàkì tà. Wọ́n ń jà sí orígun àdúgbò, ìbọn ló sì ń parí ìjà. Ní 1985, àwọn tí wọ́n pa nílùú náà jẹ́ nǹkan bí 150. Nígbà tó fi di 1991, wọ́n ti lé ní 470. Olórí ìlú gan-an, Marion Barry, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn ènìyàn dúdú látijọ́, ni ọlọ́pàá ká kíráàkì mọ́ lọ́wọ́ nínú hòtẹ́ẹ̀lì ní oṣù kìíní 1990. Ó fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 gbára.

Ṣùgbọ́n inú ilé ni ìyà náà pọ̀ sí jù. Ìyá ń fa kíráàkì, bàbá wà lẹ́wọ̀n, ìyá àgbà tó yẹ kó máa sinmi ló tún ń pọn ọmọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kí ni ìjọba ṣe? Ní oṣù kẹfà 1986, Len Bias, ọ̀dọ́ tó mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gbá, kú. Kokéènì ẹlẹ́tù ló pa á, kì í ṣe kíráàkì. Síbẹ̀, kò pé oṣù 5 tí òfin fi jáde: gíráàmù 5 kíráàkì, ẹ̀wọ̀n ọdún 5, ẹlẹ́tù ńkọ́? Ó di gíráàmù 500! Àwọn dúdú ni òfin yìí kó lọ jù. Ọdún 2010 ni wọ́n tó dín ìyàtọ̀ náà kù sí 18 sí 1.

Àwa oníròyìn náà jẹ̀bi. Wọ́n kọ ọ́ káàkiri pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ fa kíráàkì nínú oyún kò lè wúlò láyé. Dókítà Hallam Hurt ní Philadelphia tọpa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti 1989 fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Ó rí i pé ìṣẹ́ àti òṣì ṣe wọ́n níbi ju kokéènì lọ. Ta ló lọ bẹ àwọn ọmọ náà?

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹrin 1985, nítorí oògùn olóró, ìjọba ológun tiwa náà yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin 3 l'Ékòó, ọ̀kan nínú wọn sì ti dẹ́ṣẹ̀ kí òfin tó jáde. Ṣé oògùn olóró wá tán nílẹ̀ wa? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.