Ẹ̀rí Ọkọ, Ẹ̀rí Ọmọ: Àrùn Ìgbàgbé láti Frankfurt dé Ìdíkàn

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1901, wọ́n gba obìnrin kan tó ń jẹ́ Auguste Deter sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Frankfurt, ilẹ̀ Jámánì. Ẹni ọdún 51 ni. Dókítà Alois Alzheimer fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà kú ní oṣù Kẹrin ọdún 1906, Alzheimer ti wà ní Munich; ibẹ̀ ni wọ́n fi ọpọlọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ohun tó fi maikirosíkóòpù rí ló gbé lọ síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tübingen ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Ní ọdún 1910, Emil Kraepelin fi orúkọ Alzheimer pe àrùn náà nínú ìwé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń pa ìtàn náà nìyẹn: ìtàn dókítà àti ọpọlọ.

Ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ, ìyẹn Karl, ọkọ aláìsàn. Nínú ìròyìn tí Alzheimer tẹ̀ jáde ní ọdún 1907, ìgbàgbé kọ́ ni àmì àkọ́kọ́. Owú ni. Obìnrin náà kọ́kọ́ ń jowú ọkọ rẹ̀, kó tó di pé ó ń gbàgbé nǹkan, tó ń ṣìnà nínú ilé ara rẹ̀, tó sì ń kó ẹrù pamọ́ kiri. Dókítà kò sí nínú ilé nígbà yẹn. Ẹni tí wọ́n ń jowú rẹ̀ gan-an ló rí i, kò sì lè rọrùn fún un láti mọ ibi tí ìjà tọkọtaya parí sí àti ibi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Inú ìgbéyàwó ni àrùn yìí ti kọ́kọ́ fara hàn. Ẹ̀yìn ikú ló tó dé abẹ́ maikirosíkóòpù.

Ní ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn náà láàrin àwọn Yorùbá tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, àti àwọn Adúláwọ̀ ẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Benjamin Osuntokun àti Hugh Hendrie wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà. Èsì tó gbajúmọ̀ jù jáde ní ọdún 2001: nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó, iye tí àrùn ìgbàgbé ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan jẹ́ 1.35 ní Ìbàdàn àti 3.24 ní Indianapolis. Wọ́n ti jiyàn púpọ̀ lórí oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àbùdá àjogúnbá. Wọn kò jiyàn tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹni tó jẹ́rìí.

Ọ̀pọ̀ arúgbó Ìdíkàn kò kàwé, nítorí náà ìdánwò oníwèé kò lè bá wọn mu. Apá méjì ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ṣètò ní: ọ̀kan fún arúgbó fúnra rẹ̀, èkejì fún ìbátan tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Sáyẹ́ǹsì tún padà sí ọ̀dọ̀ Karl Deter nìyẹn, ṣùgbọ́n ilé tó padà sí yàtọ̀. Nínú iṣẹ́ tí John àti Pat Caldwell tẹ̀ jáde ní ọdún 1977 lórí Yorùbá, wọ́n fi hàn pé obìnrin tó bá ti di ìyá àgbà sábà máa ń yẹra fún ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọkọ. Ìyá àgbà mìíràn a tilẹ̀ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ láti bá a tọ́ ọmọ-ọwọ́. Ẹni tó sún mọ́ arúgbó jù lè má jẹ́ ọkọ tàbí aya mọ́, bí kò ṣe ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ. Àwọn wọ̀nyí yóò mọ̀ bí Màmá bá fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó yí padà láàrin òun àti Bàbá lè má hàn sí wọn, bó bá sì hàn, ìtìjú lè má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Owú tiẹ̀ tún ní ìtumọ̀ tirẹ̀ nínú ilé olórogún. Ta ni yóò pe ìyálé tó ń jowú ní aláìsàn? Ọ̀rọ̀ náà "ṣarán" pẹ̀lú ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń dárúkọ àyípadà náà, ó sì ń kà á sí ohun tí ogbó ń mú wá, tí kò yẹ kéèyàn máa gbé kiri ọ̀dọ̀ dókítà. Èyí kò sọ iye ọdún 2001 di irọ́, nítorí àwọn dókítà tún yẹ àwọn kan wò lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó kàn fi hàn pé ẹ̀rí ilé ní ààlà, àti pé ibi tí tọkọtaya ti sún mọ́ra jù ni ààlà náà wà. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ máa ń fi oríkì jí láràárọ̀, tí kò sì gbọ́ oríkì náà mọ́ láti ọdún kan sẹ́yìn, ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe Bàbá. Bóyá yóò sọ ọ́ fún àlejò tó mú bírò àti ìwé dání, lójú àwọn ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni.